Fìlà Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ wú, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń bọ̀ wá sọ. Bí ẹ kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa bá wa bọ̀.

Ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àti ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú ìwé. Iṣẹ́ náà kò le. Bí wọ́n bá bí ọmọ, ẹ kọ ọ́. Bí àgbàlagbà bá lọ, ẹ kọ ọ́. Bí ẹnì kan bá wá béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ wá a jáde fún un, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jẹ́ olórí níbẹ̀ ti sọ iṣẹ́ náà di nǹkan mìíràn. Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yìí, ó sì kọ̀wé sí gbogbo yàrá pé láti ọjọ́ náà lọ, "Ọ̀gá" lásán kò tó òun mọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láràárọ̀. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tọ́jú pépà àti gègé ní sítọ́ọ̀ kí ẹnu dídùn tó gbé e dé ipò ńlá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ka oyè ọ̀gá náà sókè ketekete: Alákòóso Ìbí, Alábòójútó Ikú, Ẹni tí ọmọ tuntun kò lè jẹ́ ọmọ tuntun láìgba àṣẹ rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oyè mọ́kànlá ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ á wà ní ìdúró títí yóò fi kà á tán. Bí ọ̀gá bá sín láàárín kan, Igbákejì á padà sí èkíní. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn ń yọ ọ̀gá lẹ́nu, aago mọ́kànlá kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fìdí kan àga.

Òfin tó wá ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà lókè orí Ọ̀gá Pátápátá. Yàrá tó wà lórí ọ́fíìsì rẹ̀ ti wà ní títì fún ọdún márùn-ún, kí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ kan má baà máa rìn lókè rẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó ń lo yàrá náà ti bọ́ sí kọ́rídọ̀, wọ́n ń fi orúnkún ṣe tábìlì. Fáànù tó wà ní àjà ọ́fíìsì rẹ̀ pàápàá, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, nítorí kí ni fáànù ń wá lókè orí òun. Wọ́n gbé e sí igun yàrá, níbi tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara ògiri. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ti ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé òun rí i.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá kàn jù lọ ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló dé ọ́fíìsì náà, lásìkò ọ̀gá àtijọ́, ẹni tó fún un ní ìwé pé òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni, àti pé bó bá pé ọdún kan, wọn yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tòótọ́. Ọdún náà kò tíì pé tí ọ̀gá àtijọ́ fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá Pátápátá dé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ lọ síbòmíràn, ó sì kó àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ́n lé wọlé. Àǹtí nìkan ni kò lè lé lọ, torí òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tu kọ̀ǹpútà àtijọ́ ibẹ̀ lójú: bí wọ́n ṣe ń tàn án, tí wọ́n á dúró dè é, tí wọ́n á sì rọra fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nígbà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Òun ló sì jókòó fún ọdún mẹ́jọ, tó ń tẹ gbogbo orúkọ inú àwọn ìwé ńlá àtijọ́ sínú ẹ̀rọ náà, ìwé tí àwọn mìíràn nínú wọn dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tòótọ́ ṣì wà nílẹ̀ láìbuwọ́ lù. Bó bá gbé e lọ, ọ̀gá á ní kí wọ́n ṣì wò ó ná. Kí ló ṣe? Kò mọ ènìyàn pọ́n lé ni. Kì í ṣe pé ó ń gbéra ga o, ẹnu rẹ̀ ni kò gbé e. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá, òun á máa wo aago. Nítorí náà, bí àìsàn bá ṣe é, kò ní ọjọ́ ìsinmi. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n lè lé e lọ́jọ́ Ẹtì èyíkéyìí láìsọ ìdí. Ó ní ọmọ méjì nílé, ó sì ní bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń bi í léèrè bó bá ti wọlé, kó tó bọ́ bàtà pàápàá, bóyá wọ́n ti bu ọwọ́ lù ú. Ìbéèrè náà ti sú u, ṣùgbọ́n kò lè bínú sí bàbá.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sáàárín iṣẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba ní kí wọ́n ṣe tuntun, àti pé Mínísítà fúnra wọn ń bọ̀ wá ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá Pátápátá kò fẹ́ kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti tò parí, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ èyí tí òun yóò fi ọwọ́ ara òun yan eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ránṣẹ́ pe Àǹtí.

"Bí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ lójú Mínísítà," ó ní, "màá buwọ́ lu ìwé rẹ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kó ẹrù rẹ lọ́jọ́ náà gan-an."

Àǹtí kọ ohun tí wọ́n nílò sí ojú pépà kan ṣoṣo. Ọ̀gá yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án lé pépà náà lórí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ti ṣí kọ̀ǹpútà wo inú rẹ̀ rí. Àǹtí ń ṣàlàyé, ọ̀gá ń pàṣẹ. Ó ní kí àpótí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì yíká, kí gbogbo ayé lè máa wo ohun tí òun yàn. Ó ní kí iná aláwọ̀ mèremère máa tàn nínú rẹ̀, kó máa yí padà, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, ó béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Àǹtí ní òun ló ń bọ́ àwọn tó kù. Ọ̀gá ní ilé ìdáná nìyẹn, kí wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí àlejò kò ní rí i.

Àǹtí béèrè fún díìsìkì méjì tí wọn yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Ọ̀gá ní kí ni èkejì fẹ́ máa ṣe. Àǹtí ní kò ní ṣe nǹkan kan, ohun tí èkíní bá ṣe ni òun náà yóò máa ṣe. Ọ̀gá mi orí, ó ní ó yé òun, igbákejì rẹ̀ nìyẹn, ó sì fọwọ́ sí i. Igbákejì náà mi orí.

Wọ́n wá kan ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àwo pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju ojú aago ọwọ́ lọ, òun ló sì ń ronú fún gbogbo ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá mú un lọ́wọ́, ó wò ó títí. Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin ènìyàn, ọkùnrin yìí ti rí ara rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àwo mọ́. Ó ní ọ̀gá ni, kí wọ́n sì wá èyí tó lágbára jù lọ láyé wá. Wọ́n wá a. Àǹtí wá mú fáànù jáde àti irin tó wà nídìí rẹ̀, ó ṣàlàyé pé bí ọpọlọ náà bá ń ronú, ó máa ń gbóná, torí náà orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń de fáànù yìí mọ́.

Ọ̀gá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ o?" Ọ̀gá yíjú sí ìgbìmọ̀. "Ó fẹ́ gbé ẹrù lé ọ̀gá lórí."

Gbogbo ìgbìmọ̀ kẹ́dùn. Igbákejì tilẹ̀ yọ áńkáṣíìfù. Ọ̀gá pàṣẹ pé kí fáànù dúró sí igun àpótí bí ẹ̀ṣọ́, kó kọjú sí ọpọlọ, kó sì máa fẹ́ ẹ láti ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àǹtí ní kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ṣé òun kò ṣiṣẹ́ ni? Òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àǹtí rántí ìwé rẹ̀, ó gbé fáànù sí igun.

Wọ́n tò ó bí ọ̀gá ṣe wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, iná mèremère bú yọ nínú gíláàsì, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn lóhùn. Kí ó tó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ẹ̀rọ ti kú. Ọ̀gá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó ń sinmi, pé bí àwọn ẹni ńlá ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méjì kó fi sinmi. Wọ́n tún tàn án, ó tún kú. Ọ̀gá ní inú ló ń bí i, torí wọn kò kí i dáadáa, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn máa dìde dúró bí wọ́n bá fẹ́ tàn án. Wọ́n dìde dúró. Ó kú ní ojú wọn bí wọ́n ṣe dúró. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n mú ìwé olójú-ewé mẹ́rìnlá jáde pé díìsìkì méjèèjì ló wà ní ibi tó fi ìka méjì ga ju ọpọlọ lọ, ìwà àfojúdi gbáà ni. Wọ́n rẹ àwọn díìsìkì sílẹ̀. Ó kú.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀rù ba Àǹtí gidigidi. Ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòótọ́ kò wọ etí ọ̀gá rẹ̀. Bó ṣe délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí bàbá béèrè ohun tó máa ń béèrè, ó ní ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ó wọ yàrá, ó dúró síwájú dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tẹrí ba. Ọmọbìnrin rẹ̀ yọjú, ó bi í pé, "Màámi, ta lẹ̀ ń bẹ̀?" Ó ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni, òun ń kọ́ èdè kan ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ, ó sì kúnlẹ̀, ohun tí kò ṣe rí lọ́dún mẹ́jọ.

"Ọ̀gá Pátápátá, ẹ̀bi mi ni o," ó ní. "Mo pe nǹkan yẹn ní fáànù, mo fi tàbùkù rẹ̀. Fìlà ni, sà. Ṣé ọlá ńlá báyìí á wá jókòó nínú ilé gíláàsì, kí Mínísítà wọlé, kí wọ́n bá a láìdé fìlà?"

Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. Ó béèrè pé ṣé ó dá a lójú pé kì í ṣe ẹrù. Àǹtí ní ẹrù bí i ti báwo, fìlà tó tilẹ̀ ń dá yí fúnra rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọpọlọ tó wà ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá mìíràn ń dé irú rẹ̀. Àǹtí ní wọ́n ń dé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ga tó báyìí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, ìwé ti lọ sí gbogbo yàrá pé ẹnikẹ́ni tó bá tún pe Fìlà ní fáànù yóò rí pípọ́n ojú òun.

Àǹtí fi ìpara funfun díẹ̀, èyí tó ń fa ooru jáde, sórí ọpọlọ, ó de fìlà náà lé e, ó tan ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò gbin rárá. Inú obìnrin náà dùn, ojú sì tì í díẹ̀. Èyí tó yà á lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ ìpọ́nnilé yẹn kò korò lẹ́nu òun bó ṣe rò.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú kan tó ti rẹ̀, tó fi báàgì há abíyá, tó ṣì ní ibi mẹ́ta tó fẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Igbákejì bẹ̀rẹ̀ oyè, ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ìkẹrin, Mínísítà ti jókòó. Ọ̀gá Pátápátá wá bọ́ síwájú. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó sọ nípa ìbí, ó sọ nípa ikú, ó sọ nípa ara rẹ̀ láàárín méjèèjì.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yan eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan," bó ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. "Kò sí ẹ̀dá tí wọ́n bí ní agbègbè yìí tó lè fara pamọ́ fún un."

Mínísítà wo aago, wọ́n ní ó dára, kí wọ́n wá orúkọ ẹnì kan jáde kí àwọn rí i. Àǹtí, tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, béèrè orúkọ ta ni. Igbákejì kò jẹ́ kó balẹ̀, ó ní ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe ti Ọ̀gá Pátápátá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó ní rárá, ti òun kò tó nǹkan, pé ìwé ọdún tí wọ́n bí òun sí, ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́. Àǹtí rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe, ẹ̀rù sì bà á kí ayẹyẹ má baà bàjẹ́ mọ́ ìwé òun lórí. Ó ní ikán kò fọwọ́ kàn án, sà, pé òun ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ àtijọ́, òun sì ti kó o sínú tuntun láìku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó tẹ orúkọ ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ìbá gba odidi ọ̀sán, kó sì kú sójú ọ̀nà. Èyí kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ. Pépà jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Igbákejì já a gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ka oyè: orúkọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, ọjọ́, oṣù. Ó ti ka ọdún tán kó tó mọ ohun tó ń kà.

Ní oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀gá, wọ́n ní ó pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Mínísítà ṣírò lórí ìka, wọ́n tún un ṣírò. Méjìdínláàádọ́rin ni.

"Lẹ́nu iṣẹ́ wa," Mínísítà sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹni ọgọ́ta ọdún ń lọ sílé ni."

Ọ̀gá ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa, ooru ló mú un. Ó na ìka sí àpótí gíláàsì, ó ní kí wọ́n ṣí fìlà rẹ̀ kíá, kí wọ́n ṣí i, òun pàṣẹ. Kò sẹ́ni tó mira. Fìlà ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn, ẹnikẹ́ni kò sì dìde.

Àǹtí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ lójú Mínísítà bí wọ́n ṣe sọ, ẹni tí yóò buwọ́ lu ìwé sì ti lọ. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sunkún dé ilé, bàbá kò sì béèrè ohunkóhun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìwé dé láti olú iléeṣẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkùnrin náà ti pé ọgọ́ta ọdún kó tó dé ọ́fíìsì náà rárá, nítorí náà kò fi ọjọ́ kan jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ rí, gbogbo ohun tó sì buwọ́ lù di òfo. Àwọn tó gbà síṣẹ́, kò gbà wọ́n. Àwọn tó gbé ga, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Igbákejì padà sí sítọ́ọ̀ níbi pépà àti gègé, títí wọn yóò fi tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Wọ́n tú gbogbo fáìlì ilé náà wò, wọ́n ń wá ẹnì kan tí ìwé rẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ìwé onígbà díẹ̀ ni, ọ̀gá àtijọ́ ló buwọ́ lù ú, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì kọ̀ láti fi gègé kàn án fún odidi ọdún méje. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ín máa bójú tó ibẹ̀.

Báyìí ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà ṣe dé orí àga ńlá. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n ṣí yàrá òkè fún àwọn ará kọ́rídọ̀, ó sì pín iṣẹ́ fún oníkálukú. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Igbákejì àná ni, ó kó gègé àti pépà tuntun wá. Ó dúró, ó gbé àyà sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀: Alákòóso Ìbí, Alábòójútó Ikú, Ìyá Ẹ̀rọ, Ẹni tó dé ọpọlọ ní fìlà.

Ó yẹ kí Àǹtí ní kó dákẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún méje ló fi dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ irú rẹ̀, tó ń wo aago, tí inú ń bí i. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti là láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin náà dùn, oyè náà sì ń bọ́ sí i lára pẹ́sẹ́pẹ́sẹ́, ó sì fẹ̀yìn ti àga, ó jẹ́ kó kà á lọ.

Igbákejì kà á tán, ó tẹrí ba, ó ní kí wọ́n yan gègé tó bá wù wọ́n.

Àǹtí kò wo gègé. Ó ti ń fi ìka ka oyè náà lábẹ́ tábìlì bó ṣe ń bọ̀, mẹ́wàá ni, kò pé mọ́kànlá.

"Ẹ ti fo ọ̀kan," ó ní.